Mo Rí I, Sà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ kọ́ tèmi, n kò sì ní sọ pé kí ẹ sá fún un. Mo kàn fẹ́ ròyìn bí mo ṣe bá a gbé láti ọmọ ogún ọdún títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí tí mo sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Iṣẹ́ redíò ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó di iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó tún wá di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òṣogbo ni mo ti kọ́ ọ. Iléṣà ni mo ti fi jẹun.

Ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà ni mí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lójijì, màá wá nǹkan dì mú, ìbáà jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà. Ẹ̀rù náà ní orírun. Ó ti inú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wá tí mo sọ fún ọ̀gá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Ìwárajà. Mo ní, "Mo rí i, sà." N kò sì rí i. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn dá sílẹ̀, àti bóyá mo lè sọ òtítọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ṣe léṣe, ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé e láti ìdí.

Ìbòkun ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní redíò kan tó fẹ́ràn bí ọmọ. Nígbà tí redíò náà dákẹ́, ó ní kí n bá òun gbé e lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Múfú Oníredíò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ fìlà funfun pẹlẹbẹ. Ó tú ẹ̀yìn redíò náà, ó gbé etí sí i bí ìgbà tí dókítà ń gbọ́ àyà aláìsàn, ó fi irin kékeré kan kan ibì kan, orin sì bẹ́ jáde. N kò lè sọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí a dé ilé, mo sọ pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ nìyẹn.

Ìyá mi ti bá ìyá kan tó ń ránṣọ sọ̀rọ̀ nítorí mi. Ó ṣe háà. Ó ní, "Mojísọ́lá, uṣẹ́ ọkùnrin? Ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tí iná ti jó ní gbogbo ìka?"

Bàbá mi ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, redíò rẹ̀ kò ní bàjẹ́ mọ́."

Bí wọ́n ṣe kọ ìwé àdéhùn, àti ohun tí bàbá mi san, ìyẹn ò ṣe pàtàkì. Ọdún mẹ́rin ni.

Ọ̀gá Múfú kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin gbígbóná tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Yóò gbé redíò tó bàjẹ́ síwájú mi, yóò ní, "Kí ló ṣe é?" Màá yẹ̀ ẹ́ wò títí, màá ní, "Mo rò pé sípíkà rẹ̀ ni, sà." Kíá ni yóò fi aṣọ bo redíò náà mọ́lẹ̀. "Lọ gbálẹ̀."

Ìyà tó wà fún 'mo rò pé' nìyẹn. Bí o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wàá gbálẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀ náà ti ń dán. Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé kò sí ṣọ́ọ̀bù tó mọ́ tó tiwa ní gbogbo Òṣogbo. Wọn kò mọ̀ pé àìmọ̀kan mi ló sọ ọ́ di mímọ́.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó pè mí. Ó ní, "Mojí, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ẹnu lè sọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. 'Mo rí i', tàbí 'mi ò tíì rí i'. Kò sí ìtìjú nínú èkejì. Inú àkọ́kọ́ ni ìtìjú wà bí kò bá jẹ́ òótọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ń tẹ̀lé òfin náà ju gbogbo wa lọ. Alápatà kan gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Alfa, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ṣé tẹlifíṣọ̀n mi fẹ́ bímọ ni?"

"Bó bá bímọ, ìwọ lo lọmọ," ni Ọ̀gá dá a lóhùn, kò gbójú sókè. "Mi ò tíì rí i."

"O ò tíì rí i. Gbogbo ènìyàn sọ pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ pé mi ò tíì rí i."

Ní ọjọ́ kọkànlá, ó rí i. Wáyà kan tí kò nípọn ju irun lọ ni, tí eku ti gé nínú rẹ̀. Alápatà náà fi ẹran rán ọmọ sí wa ní gbogbo ọdún iléyá láti ìgbà yẹn.

Òfin kejì rẹ̀ ni pé ọ̀pá ni ohun ìkẹyìn. Bí àwòrán tẹlifíṣọ̀n kò bá dára, ọ̀pọ̀ tẹkiníṣíàn ni yóò kọ́kọ́ gun ọ̀pá láti yí áńtẹ́nà. Ọ̀gá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti rí kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ lé irin. "Ẹni tó bá gòkè láìwo ilẹ̀," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, "ilẹ̀ ló máa padà wò."

Ẹ má rò pé ó le bí òkúta. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ojú máa ń tì mí láti jẹun níṣojú rẹ̀, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi para mi. Ó kíyè sí i lọ́jọ́ kẹta.

"Mojí, ṣé àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà ti ń gbààwẹ̀ Ràmàdáànì ni?"

"Rárá, sà."

"Lọ jẹun. Ebi kì í jẹ́ kí ojú ríran. Bí o bá jẹun tán, kí o wá wo redíò yìí fún èmi tí mò ń gbààwẹ̀."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó fún mi ní òmìnira, ó sì fún mi ní mítà rẹ̀ àtijọ́ tó fi ń wọn iná, èyí tí gíláàsì rẹ̀ ti là. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá tóbi, èmi àti òun la jọ ń ṣe é. Yóò wọ mọ́tò wá láti Òṣogbo láàárọ̀, tòun ti kẹ́tùlù ìṣàlùwàlá rẹ̀ nínú báàgì.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn àlòkù láti òkè òkun, tí ojú wọn ti pọ́n. Irinṣẹ́ yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Redíò, bí nǹkan bá ṣe é, wàá rí i: wáyà já, tàbí nǹkan jó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè wà láìní àpá kankan lára kó máa kọ̀ ṣá. Ẹnu ló fi ń sọ ohun tó ṣe é, lójú gíláàsì rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé kéwú ni Ọ̀gá mi lọ. Ó ń ka Lárúbáwá, ó ń ka Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò dá a lójú. Nítorí náà, bí a bá ti dé ìdí kọ̀ǹpútà, ojú mi ni ojú rẹ̀. Màá kà á, màá sọ ọ́ fún un, òun á sì ronú sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ń ṣe láyé, èyí nìkan ni kò ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Bí àwọn ọdún náà ṣe ń parí lọ, dókítà kan tó ti òkè òkun dé kọ́ ilé ìwòsàn sí ẹ̀yìn Iléṣà, ní ọ̀nà Ìwárajà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ wà ní òdìkejì àfonífojì, ó tó máìlì kan. Wáyà tẹlifóònù tó so wọ́n pọ̀, wọ́n ti jí i gé títí ó fi sú u. Bí ọmọ bá dábùú nínú ìyá rẹ̀, ọlọ́kadà ni àwọn agbẹ̀bí ń rán sí dókítà. Ìgbà mìíràn ọlọ́kadà máa ń pẹ́. Lọ́sẹ̀ kan ṣáájú kí Dókítà tó pè wá, ó pẹ́ jù.

Dókítà gbé káàdì méjì wá láti òkè òkun, pẹlẹbẹ, tí ènìyàn máa ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti inú afẹ́fẹ́, láìsí wáyà. Ti ilé ìgbẹ̀bí ti ń ṣiṣẹ́. Ti ilé ìwòsàn ni kò ṣiṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ló wà. Àbúrò Dókítà ló fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Linux sínú rẹ̀ nígbà tó wá sílé fún ọdún Kérésì, ó sì ti padà lọ láìparí iṣẹ́.

Mo ṣàlàyé fún Ọ̀gá mi pé káàdì náà nílò dírẹ́bà.

"Dírẹ́bà? Mọ́tò ni?"

"Ètò kékeré kan ni, sà, tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa darí káàdì."

"Ibo ni dírẹ́bà náà wà?"

"Ó wà nínú dísíkì, ṣùgbọ́n kíkọ lásán ni. A gbọ́dọ̀ sè é nínú kọ̀ǹpútà yìí gan-an kó tó di ohun tí ẹ̀rọ lè lò."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ayé ti dé ibi tí wọ́n ti ń se dírẹ́bà."

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ fojú inú wo télọ̀. Ìyá mi tó fẹ́ kí n kọ́ aṣọ rírán, aṣọ náà ni mo wá ń rán níkẹyìn. Ní àárín Linux, ètò kan wà tí gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Orúkọ tí òyìnbó fi ń pe ekùrọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí náà ekùrọ́ ni èmi àti Ọ̀gá ń pè é. Ara ekùrọ́ yìí ni a ń wọ̀n kí a tó rán dírẹ́bà. Ìwé ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú síídì tí àbúrò Dókítà fi sílẹ̀. Olúkúlùkù ekùrọ́ ló sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí nọ́ńbà ìwé ìwọ̀n bá yàtọ̀ sí nọ́ńbà ekùrọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ, ara ẹlòmíràn lo wọ̀n.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń sè é tí kò jinná. Màá pàṣẹ, ìlà funfun á máa sáré lọ lójú gíláàsì, á dúró lójijì, á ní òun kò rí nǹkan báyìí. Màá wá nǹkan náà lórí síídì, màá tún bẹ̀rẹ̀. Iná ìjọba á lọ, batiri kọ̀ǹpútà náà kò sì lè gbé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀gá mi ti ri ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ní tirẹ̀, ó ti fi wáyà dì í ní igun mẹ́ta, ó ti gbé áńtẹ́nà sórí rẹ̀, ó sì ti dojú rẹ̀ kọ òdìkejì àfonífojì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Èmi ló ń dúró dè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó jinná. Kò ṣàròyé rárá. Ọkàn mi fò. Mo ní kí ẹ̀rọ gbé e wọlé. Ẹ̀rọ kọ̀, ó ní nọ́ńbà wọn kò bára mu. Àbúrò Dókítà ti pààrọ̀ ekùrọ́ kí ó tó lọ, ìwé ìwọ̀n àtijọ́ ló fi sílẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí ènìyàn lè fi kún àṣẹ náà tó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ fi tipátipá gbà á. Mo fi kún un. Iná kékeré ara káàdì tàn. Ìlà kan jáde tó kìlọ̀ pé òun ti gbà á, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò bára mu. Mo ka ìlà náà. Ó yé mi. Mo tẹ bọ́tìnnì kan títí ìlà náà fi gòkè lọ kúrò lójú.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré.

Mo fi kọ̀ǹpútà náà pe ilé ìgbẹ̀bí, kò sí ìdáhùn. Dókítà dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹkiníṣíàn, ọjọ́ kẹta rèé o." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ọlọ́kadà tó pẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀gá mi sì wọlé láti ẹ̀yìn ilé.

"Mojí, báwo?"

"Iná ti tàn, sà. Ó ti wọlé. Òdìkejì ni kò dáhùn."

"Ṣé inú ti dára? Ṣé o rí i, àbí o rò ó?"

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi nígbà náà. Mo ti ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Dókítà ń wo ẹnu mi. Bí mo bá ní mi ò tíì rí i, ọjọ́ kẹrin nìyẹn. Bí mo bá ní mo rò ó, mo mọ ọ̀gá mi, yóò ní kí n gbálẹ̀ níbẹ̀ gan-an, níwájú dókítà.

"Mo rí i, sà."

Ó wò mí fún ìṣẹ́jú kan. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. "Ó dára. A jẹ́ pé áńtẹ́nà ló yí ojú."

Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ lọ́dún náà. Òkè tó wà lọ́nà Èkìtì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì wà lórí wa. Ó gun ọ̀pá náà. Mo jókòó lórí bíríkì ní ẹsẹ̀ ọ̀pá, mo di ọ̀kan nínú àwọn wáyà náà mú, nítorí èèkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀. Ó yí áńtẹ́nà díẹ̀.

"Ó ti sọ̀rọ̀?"

Mo kígbe sínú ilé. Dókítà dáhùn láti ojú fèrèsé pé kò tíì sọ̀rọ̀. Ó tún yí i. Kò tíì. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Èmi tí mo wà nísàlẹ̀ mọ̀ pé bó bá yí i títí di ọ̀la, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹnu mi wúwo.

Atẹ́gùn tutù kan fẹ́ kọjá. Mo dìde lórí bíríkì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀, sà. Òjò ń bọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, Mojí. O ní inú ti dára."

Ohun tó sọ gbẹ̀yìn lókè nìyẹn. Ìjì náà dé láìkìlọ̀, ó gbé eruku àti páànù. Mo we wáyà mọ́ ọwọ́ mi. Èèkàn fà tu. Wáyà náà wọ́ mi lọ lórí ilẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ mi, n kò sì jù ú sílẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ìgboyà ni tàbí pé kò ṣeé jù sílẹ̀. Ọ̀pá náà wó. Orí bíríkì tí mo ti dìde ló já lé, bíríkì náà sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀gá mi wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bíi mẹ́wàá sí mi, kò gbéra.

Itan rẹ̀ ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Inú ilé ìwòsàn yẹn náà ni wọ́n dá a dúró sí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sikírù, dé láti Òṣogbo ní ọjọ́ kejì. Ó di ọwọ́ mi tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé mú, ó sì fi omijé súre fún mi.

"Ọlọ́run á san án fún ọ, Mojí. Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní wáyà la ọ́ lọ́wọ́, o ò fi ọ̀gá rẹ sílẹ̀."

N kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí ó bá gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀, yóò bu tèmi. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè bá tèmi. Dókítà kò mọ ìtumọ̀ ìlà náà. Ọ̀gá mi kò lè kà á. Èmi nìkan ni. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, yóò kú láìmọ̀, Ìyá Sikírù á sì máa bu oúnjẹ fún mi títí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn ìrun Àsárì tó fi orí nìkan kí lórí bẹ́ẹ̀dì, mo jókòó tì í.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́."

"Hẹn."

"Lọ́jọ́ yẹn, ẹ bi mí bóyá mo rí i."

"Mo bi ọ́."

"Mi ò rí i, sà."

Ó gbójú sókè. Fáànù ń yí lókè wa. Ó ní, "Kí ló kọ sí ojú rẹ̀?"

"Ó ní nọ́ńbà ò bára mu."

"O kà á?"

"Mo kà á, sà."

"Ó yé ọ?"

"Ó yé mi."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo rí bó ti rù tó. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ì bá dára kó lé mi.

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo bi ọ́?"

"Dókítà ni, sà."

"O tijú."

"Mo tijú, sà."

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. "Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Mo dìde. Mo mú ìgbálẹ̀ ní ọwọ́ òsì, nítorí ọ̀tún kò ṣeé lò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìyá Sikírù wọlé, ó gbé abọ́ lọ́wọ́.

"Kí ló dé? Ọwọ́ ọmọ náà ò tíì jinná."

"Jẹ́ kó gbálẹ̀."

"Bàbá Sikírù, kí ló ṣe?"

"Yóò sọ fún ọ bó bá gbá a tán."

Mo gbá a tán, mo sì sọ fún un. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó bu ti ọkọ rẹ̀. Kò bu tèmi. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ó ti jáde, Ọ̀gá mi ní, "Gbé kọ̀ǹpútà náà wá síbí."

Mo gbé e wá. Ó ní kí n ṣàlàyé fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, láìfo ohunkóhun. Mo ní ìwé ìwọ̀n ekùrọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ kò sí lọ́wọ́ wa, òkè òkun ló wà. Ti ekùrọ́ mìíràn ló wà nínú síídì.

Ó ronú títí. "Ekùrọ́ tó wà nínú síídì yẹn, ṣé ìwé ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, àbí òun náà wà níbẹ̀?"

"Kíkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, sà. A lè sè é."

"Kí ló wá dé tí o ń wá aṣọ tó bá ara mu? Pààrọ̀ ara."

Mo wò ó. Ọkùnrin tí kò lè ka ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, kò wá sí mi lọ́kàn.

Dókítà fún wa ní jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Wákàtí márùn-ún ni ekùrọ́ náà fi ń sè. Ọ̀gá mi dùbúlẹ̀, ó ń wo ìlà funfun tí ń sáré lọ, ó ń bi mí ní gbogbo ìgbà, "Kí ló wí báyìí?" Màá kà á. Bí mo bá dé ibi tí n kò mọ̀, màá ní mi ò tíì rí i. Yóò mi orí. Nígbà tí ekùrọ́ tuntun wọlé, mo tún dírẹ́bà sè lé e lórí, mo sì pàṣẹ kó wọlé láìfi tipátipá kún un. Kò kìlọ̀. Iná tàn.

Káfíńtà ilé ìwòsàn ló bá wa gbé áńtẹ́nà sórí táńkì omi. Ó bi mí ní ibi tí òun yóò dojú rẹ̀ kọ. Mo ní ibi tí Ọ̀gá mi kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò tilẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ jáde lójú gíláàsì, láti ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí tó wà lódìkejì.

"Kí ló wí?" Ọ̀gá mi béèrè.

"Ó ní, 'Ẹ kú ọ̀sán o. Ṣé bàbá ti jẹun?'"

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Lóṣù yẹn náà, a gbọ́ pé Dókítà dé ilé ìgbẹ̀bí kí ọmọ kan tí ó dábùú tó pa ìyá rẹ̀.

Ìyá Sikírù kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí ó parí ìjà náà, ó kàn bu oúnjẹ síwájú mi ní Òṣogbo, ó sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Itan Ọ̀gá jinná, ó ń tiro. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kò lè di irin gbígbóná mú mọ́, ó máa ń gbọ̀n. Mo wá ń lọ sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti jẹ́ ọwọ́ fún un, bí mo ti ń jẹ́ ojú fún un tẹ́lẹ̀. Yóò jókòó lórí àpótí, yóò ní, "Kan ibẹ̀ yẹn. Ó tó." Ní ọdún mẹ́wàá tó tún lò láyé, kò gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ ọ̀pá náà mọ́, níwájú mi tàbí lẹ́yìn mi. Èmi kò sì gun ohun tó ga ju àga lọ mọ́.

Lóde òní, káàdì náà ti wọnú kọ̀ǹpútà, ó ti wọnú fóònù. Kò sẹ́ni tó ń se dírẹ́bà mọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún lè tẹ bọ́tìnnì kó bá ẹni tó wà ní òkè òkun sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àárò wákàtí márùn-ún yẹn ń sọ mí, nígbà tí ìlà funfun ń sáré lọ, tí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń béèrè kí ló wí báyìí. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ má wo iṣẹ́ náà nìkan. Ẹ wo ẹni tí yóò kọ́ yín, bóyá ó lè gbọ́ 'mi ò tíì rí i' láti ẹnu yín kí ó má bínú. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má pa á nítorí ìtìjú.

Ọjọ́ tí mo máa ti ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún tó kọjá, mo ti kó ohun gbogbo kúrò, ó ku mítà tí gíláàsì rẹ̀ ti là nìkan lórí tábìlì. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ọ̀gá mi kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí pé òun ti dárí jì mí. Mo sọ ọ́ jáde, sí inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣófo. Mo ní, "Mo rò pé ó dárí jì mí."

Bí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara mi, mo dìde, mo mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì gbá ilẹ̀ náà láti ògiri dé ẹnu ọ̀nà.